Ìṣẹ́jú Mẹ́sàn-án Lẹ́sẹ̀ Òpó

Fóònù tí wọ́n ní ó já láti orí òpó ogójì mítà kò ní ojú ìfọ́ kankan lára. Ìnsípẹ́kítọ̀ Eftimia Zagan gbé e sójú fèrèsé, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fi èékánná họ etí rẹ̀. Gíláàsì rẹ̀ ń dán bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

"Macovei," ó ní, "fóònù tìẹ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ lọ́jọ́ Àìkú, orí kí lo wà nígbà yẹn?"

"Orí àga ìdáná ni, Màdáámù. Mo fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù."

"Kí ló wá ṣe é?"

"Ó fọ́ yángá."

"Àga ìdáná lásán. Orí òpó ni èyí ti já bọ́ o."

Kọ́púràl Macovei, ọkùnrin abikùn tó ti lo ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́nu iṣẹ́, họ irun orí rẹ̀. "Bóyá koríko ló gbà á."

"Koríko kan náà ló gba Silvestru. Ṣé o rí bó ṣe tọ́jú òun?"

Macovei ṣí fáìlì náà.

Ọjọ́bọ̀ ni Silvestru Hrișcă kú. Ọmọ ọdún márùndínlógójì ni. Iṣẹ́ gígun òpó tẹlifóònù ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Leontin ń ṣe fún agbaṣẹ́ṣe kan, kò sì sí òpó tí wọn ò tíì gùn láti àwọn òkè wọ̀nyí dé ìlú Suceava. Ní oṣù kẹwàá yẹn, wọ́n gbé 4G wá sí Scorușeni, abúlé tí wọ́n bí wọn sí. Inú ará abúlé dùn débi pé wọ́n ń gbé ọtí èso pulọ́ọ̀mù gòkè lọ bá àwọn òṣìṣẹ́. Ìdajì ọmọ wọn ló wà ní Ítálì àti Sípéènì, tí wọ́n ń tọ́jú arúgbó, tí wọ́n ń ká tòmátì. Néẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun yìí ni wọn ì bá fi máa rí ojú ara wọn. Ọmọ wọn tó gbé e wá ni wọ́n wá bá lẹ́sẹ̀ òpó náà, ó ti kú.

Ohun tí Leontin sọ fún ọlọ́pàá ò lọ́jú pọ̀. Ó ní nígbà tó di agogo mọ́kànlá ààbọ̀, òun wa mọ́tò sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ìsun omi lẹ́bàá ọ̀nà, ẹgbẹ̀fà mítà sí òpó, pé kí òun jẹun. Ní agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, Silvestru pe òun láti orí òpó, ó ń sunkún pé ìyàwó òun ti já òun sílẹ̀, ayé ti sú òun. Òun bẹ̀ ẹ́ títí, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án gbáko. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ bá mi bẹ Màmá," òun gbọ́ afẹ́fẹ́, òun ò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ìwé ilé iṣẹ́ tẹlifóònù gbè é lẹ́sẹ̀. Ìpè náà wà níbẹ̀, láti fóònù Silvestru sí ti Leontin, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Òpó kan náà ló gbé ìpè fóònù méjèèjì, ṣùgbọ́n òpó yẹn náà ló ń bójú tó ìsun omi, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Okùn ààbò sì wà lára òkú, kò fi kọ́ ibì kankan. Kí ló kù? Wọ́n ti fẹ́ pa fáìlì dé: ọkùnrin náà pa ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí Màmá Saveta, ìyá wọn, sùn. Ní abúlé yẹn, ẹni tó bá pa ara rẹ̀, àlùfáà kì í kọrin lé e lórí, wọn kì í sin ín sínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn ọgbà ni wọ́n ń wa ilẹ̀ sí fún un, níbi tí wọ́n ń da òdòdó gbígbẹ sí. Òní Sátidé sì ni ọjọ́ kẹta, wọn ò lè fi òkú dúró mọ́.

*

Inú yàrá iwájú ni wọ́n tẹ́ Silvestru sí. Màmá Saveta jókòó tì í lórí àpótí, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọwọ́ rẹ̀ wà létí pósí. Leontin dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ẹ̀yin lẹ ti Suceava wá?" ìyá náà bèèrè.

"Èmi ni, Màmá. Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

"Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ọmọ yìí ò lè pa adìyẹ. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ pa adìyẹ, ó máa ń sá lọ sílé àwọn aládùúgbò ni. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa pa èèyàn, kó tún wá jẹ́ ara rẹ̀?"

"Màmá," Leontin rọra sọ, "ẹ sinmi díẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nìyí," ìyá náà ní, "òun náà ló ń gbé mi ró. Ọjọ́ kẹta rèé, kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ wo ojú ẹ̀."

Eftimia wo ojú Leontin. Ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó tún wo òkú náà, ó rò nínú ara rẹ̀ pé kò sí ohun tó burú ju kí ìyá máa jókòó ti ọmọ báyìí. Ó jáde lọ bá àlùfáà nínú àgbàlá.

Fadá Nectarie ò gbé ojú sókè. "Ẹ má rò pé ọkàn mi le. Èmi ni mo ṣe ìrìbọmi fún ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n Bíṣọ́ọ̀bù máa bi mí. Ẹ fún mi ní ìwé kan péré, tó ní kò pa ara ẹ̀, kí agogo méjì tó lù. N ó kọrin títí ohùn mi á fi ha."

"Tí n ò bá rí ìwé?"

"Wọ́n ti wa ilẹ̀ méjì. Ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn." Ó nu ojú. "Ẹ ṣàánú wa, Màdáámù, kí a lè di ti ẹ̀yìn pa."

Agogo mẹ́wàá ti lù nígbà yẹn.

*

"Ẹni kan wà tó búra," Macovei sọ nínú mọ́tò. "Dorimedont olóyin. Ilé oyin rẹ̀ ló wà lábẹ́ òpó náà tẹ́lẹ̀. Ó ní néẹ́tíwọ́ọ̀kì á pa oyin òun. Ó dúró nínú ṣọ́ọ̀bù, ó búra pé ẹni tó bá gun òpó yẹn ò ní fẹsẹ̀ ara ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀."

"Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Wà á lọ."

Bàbá Dorimedont ti pé ọgọ́rin ọdún, aṣọ rẹ̀ ń rùn fún èéfín. Kò fi ìjókòó lọ̀ wọ́n.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ búra."

"Mo búra. Mo tún búra pé olórí abúlé wa á kú nínú oṣù kẹta. Ṣé ó kú? Ńṣe ló ń sanra."

"Níbo lẹ wà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, bí agogo méjìlá?"

Bàbá náà ya ẹnu gbàgà. Ihò tuntun méjì wà níwájú, tó ṣì pọ́n. "Lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín ní Rădăuți. Láti mẹ́wàá títí di méjì. Ẹ lọ bi í léèrè. Ọmọdébìnrin ni, agbára ẹ̀ tó ti màlúù."

Macovei fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí iṣẹ́ tó gbé wọn wá, ó pa ẹnu dé.

"Ẹ̀ ń bínú sí Silvestru," Eftimia ní.

"Ta ló ń bínú sí Silvestru? Ìjọba ni mò ń bá jà. Ọmọ yẹn fi ẹ̀yìn ara ẹ̀ gbé ilé oyin mi méjìdínlógún lọ sí apá kejì òkè, ó ní, 'Bàbá, ẹ má bínú.'" Ohùn àgbà náà yí padà. "Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wá yan ìgò oyin mẹ́ta sọ́tọ̀. Ó ní òun máa gbé e lọ fún ọmọ òun ní Ítálì nígbà Kérésìmesì. Wọ́n wà lórí pẹpẹ yẹn, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Kí ni kí n ṣe sí wọn báyìí?"

Eftimia wo ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fọwọ́ kan bàbá náà léjìká.

Nígbà tí wọ́n padà sínú mọ́tò, ó ní, "Macovei, ta ni a gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ pé ìyàwó já a sílẹ̀?"

"Lẹ́nu Leontin."

"Lẹ́nu ta tún ni?"

Macovei ronú. "Gbogbo abúlé."

"Ìgbà wo ni gbogbo abúlé mọ̀?"

"Láti Ọjọ́bọ̀ ọ̀hún," Macovei ní, ó sì yíjú wò ó.

*

Ìyàwó Silvestru, Ruxanda, gbé ìpè ní Bergamo, ní Ítálì. Ilé arúgbó kan ló wà, èèyàn ń wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló já ta sílẹ̀?" ó pariwo. "Iṣẹ́ ni mo bá wá! A jọ gbà á bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti gba tíkẹ́ẹ̀tì Kérésìmesì. Ta ló sọ pé mo já a sílẹ̀? Ẹ darúkọ ẹni náà fún mi!"

"Ẹ má bínú, ìyàwó wa. Ṣé ẹ̀ ń bọ̀ wá sin ín?"

Ohùn náà já wálẹ̀. "Ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú ò ní ẹlòmíì. Ọjọ́ Ajé ni ọmọ ẹ̀ máa dé. Mo bẹ̀ wọ́n, mo kúnlẹ̀. Wọn ò gbà." Ó sunkún díẹ̀, ó tún ní, "Mălina ọmọ wa ò gbà pé bàbá òun ti kú. Fíìmù tó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ló ń wò. Ó ní ẹni tó ń rẹ́rìn-ín báyìí, báwo ló ṣe máa kú."

Eftimia ta gìrì. "Fíìmù wo? Ìgbà wo ló dé?"

"Mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta ni níbí. Méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta níbi tiyín. Mo rí i lára fóònù."

Méjìlá kọjá ìṣẹ́jú kan ni ìpè tí wọ́n ní ó ṣe kẹ́yìn parí. Ẹni tó já bọ́ sílẹ̀, tó ti kú, ni fóònù rẹ̀ wá ń fi fíìmù ránṣẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì.

"Ẹ fi í ránṣẹ́ sí mi, jọ̀ọ́."

Ó dé. Silvestru ló wà nínú rẹ̀, lẹ́sẹ̀ òpó, àṣíborí yẹ́lò lórí, ó ń rẹ́rìn-ín títí gbogbo eyín rẹ̀ fi yọ síta. "Mălina! Òpó bàbá ẹ nìyí. Tó bá di méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n máa tan 4G ẹ̀ láti ìlú Iași, fíìmù yìí ló sì máa kọ́kọ́ gba orí ẹ̀ kọjá, o ò rí i pé o ti di èèyàn pàtàkì? Mò ń lọ fún nọ́ọ̀tì kan le lókè, n ó ti sọ̀ kalẹ̀ kó tó di ìgbà yẹn. Fóònù ń lọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì o. Ẹni tó bá gbé fóònù gun òpó, orí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló máa já lé!" Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín nítòsí. Okùn ààbò Silvestru hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí rẹ̀ kí àwòrán tó dúdú. Ó ti gbó, wọ́n we téèpù dúdú mọ́ ọn láàárín.

Macovei nawọ́ sí okùn náà. "Okùn tó wà lára òkú kò ní téèpù."

"Kò ní. Mo gbé e sí imú lánàá, ó ṣì ń rùn bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí. Mo rò pé agbaṣẹ́ṣe wọn ló ṣe dáadáa." Eftimia gbá ara rẹ̀ níwájú orí. "Òmùgọ̀ ni mí."

*

Ìyá Eftimia fi ogún ọdún jókòó sídìí ẹ̀rọ tẹlifóònù nílé ìfìwéránṣẹ́. Ó máa ń sọ pé ẹnu èèyàn ló ń parọ́, wáyà kì í parọ́ àfi tí èèyàn bá kọ́ ọ. Nítorí náà, kí Eftimia tó lọ bá ẹnikẹ́ni, ó pe Ẹnjiníà Anghelina ní Iași, obìnrin tó tan òpó náà.

"Màdáámù, Sátidé ni òní o," ẹnjiníà náà ní, oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀.

"Mo mọ̀. Òkú ni kò mọ̀."

Ẹnjiníà gbé oúnjẹ mì. "Ẹ máa bèèrè."

"Fíìmù kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú fóònù kan nígbà tẹ́ ẹ tan òpó. Ìpè wọlé. Kí ló máa ṣe fíìmù náà?"

"Á dúró. 4G tá a gbé wá yìí ò tíì mọ ọ̀rọ̀ ẹnu, Màdáámù, dátà nìkan ló ń gbé. Lọ́jọ́ iwájú wọ́n máa kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ, ṣùgbọ́n ní báyìí, tí èèyàn bá fẹ́ pe èèyàn, fóònù á kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sórí néẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́, 2G, á sọ̀rọ̀ tán níbẹ̀, á tó gòkè padà. Ní ìlú ńlá, 3G wà láàárín, dátà lè máa rọra rìn. Lórí òkè yín yẹn, a fo 3G kọjá ni. Tí ẹnu bá ń sọ̀rọ̀, dátà á dúró de é."

"Tí ìpè bá parí?"

"Fóònù á padà sórí 4G fúnra ẹ̀, á tẹ̀ síwájú níbi tó dé. Kò ní bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Ó dáa. Ṣé òpó yín lè mọ ibi tí fóònù kan wà?"

"Kì í mọ ibi tó wà, ó ń mọ bó ṣe jìnnà tó. Ohùn ẹni tó jìnnà ń pẹ́ kó tó dé, nítorí náà òpó á sọ fún un pé kó tètè máa bẹ̀rẹ̀, kí ohùn gbogbo wọn lè jọ dé. Ní 2G, ìṣísẹ̀ tó fi ń wọn ọ̀nà lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mítà, ìwọ̀n gọbọi ni. Ti 4G ò ju mítà méjìdínlọ́gọ́rin lọ. Òpó tuntun sì rèé, oṣù kan àkọ́kọ́ la fi ń kọ gbogbo ìṣesí ẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ ọwọ́."

"Ẹ bá mi ṣí Ọjọ́bọ̀. Méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Ó ka nọ́ńbà Leontin àti ti Silvestru fún un.

Ẹnjiníà tẹ nǹkan fún ìgbà díẹ̀. "Àwọn méjèèjì ló kọ́kọ́ bá òpó náà sọ̀rọ̀. Ìṣísẹ̀ òdo ni àwọn méjèèjì. Wọ́n wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ níbẹ̀."

"Àwọn méjèèjì?"

"Àwọn méjèèjì. Méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ sí 2G. Méjìlá kọjá ìṣẹ́jú kan, wọ́n jọ gòkè padà, òdo náà ni, àwọn méjèèjì." Ó tún àkọsílẹ̀ náà wò. "Màdáámù, kí ló dé tí àwọn tó dúró ti ara wọn fi ń pe ara wọn?"

"Ẹ ṣeun, Ẹnjiníà. Ẹ padà sídìí oúnjẹ yín."

Eftimia gbé fóònù sílẹ̀. Ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ báyìí, ó sì wù ú pé kó má mọ̀ ọ́n. Leontin ti fi ogún ọdún gun òpó àtijọ́. Ó mọ̀ dájú pé tí ọlọ́pàá bá wá ìwé ìpè, orúkọ òpó nìkan ni wọ́n máa rí, òpó kan náà sì ló ni ìsun omi. Ó gbàgbé pé òun fúnra rẹ̀ ti gbé ohun tó lójú ju ti àtijọ́ lọ sórí òkè.

"Ṣé ó tì í ni?" Macovei bèèrè.

"Ẹni tó ti èèyàn kì í pààrọ̀ okùn. Wá, agogo kan ti ń lọ lù."

*

Inú ṣẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ilé ni Leontin wà, ó ń fi ìfági fá igi àgbélébùú ojú ibojì. Ó ti gbẹ́ orúkọ Silvestru sí i. Eftimia jókòó lórí kùkùté igi, kò bá a fà á gùn.

"Leontin, níbo ni okùn tó ní téèpù dúdú wà?"

Ìfági dúró.

"Mo ti rí fíìmù," Eftimia ní. "Ó lọ bá ọmọ ẹ̀ lẹ́yìn tí o parí ìpè. Òpó sì sọ ibi tó o wà. O ò dé ìsun omi kankan lọ́jọ́ yẹn, àbúrò mi."

Leontin jókòó sílẹ̀ lójú ibi tó dúró sí, lórí ìyẹ̀fun igi. Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀dì.

"Ó wà lábẹ́ koríko gbígbẹ yẹn, lápá ọ̀tún. Okùn tuntun ti wà nínú mọ́tò, Màdáámù. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wà nínú páálí ẹ̀. Èmi ni ọ̀gá ẹ̀, èmi ni mo fọwọ́ síwèé pé mo ti yẹ okùn wò. Ó ní, 'Bọ̀dá mi, ṣé ká ṣí tuntun?' Mo ní iṣẹ́ kan péré ló kù, ká fi ti àtijọ́ parí ẹ̀." Ó nu imú rẹ̀. "Ó fara ti okùn lókè kó lè rí nọ́ọ̀tì náà mú. Okùn já. Òun ò tiẹ̀ pariwo."

"O wá pààrọ̀ ẹ̀."

"Ẹ̀wọ̀n bà mí lẹ́rù. Mo bí ọmọ mẹ́ta. Mo mú fóònù ẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo fi pe tèmi."

"Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, Leontin. Ìṣẹ́jú kan ì bá tó ọ. Kí lo ń sọ?"

Ọkùnrin náà bo ojú. "Mo gbé fóònù tiẹ̀ sí i létí, mo ń sọ̀rọ̀ sínú tèmi. Mo ní kó dìde. Mo ní kó má fi mí ṣeré. Mo ń sọ ọ́ ṣáá."

Macovei tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yí ẹ̀yìn sí wọn.

"O jókòó ti ìyá ẹ fún ọjọ́ mẹ́ta," Eftimia ní. Inú bí i wàyí, kò sì fi pamọ́. "Ó ń bẹ àlùfáà, o ń gbọ́. Wọ́n wa ilẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, o ń wò wọ́n."

"Mo rò pé ẹni tó ti kú ò ní mọ ibi tí wọ́n sin òun sí."

"Ẹni tó bí i ńkọ́?"

Leontin wo orúkọ tó gbẹ́ sára igi. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sin ín kẹ́ ẹ tó mú mi. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ má sọ fún Màmá lónìí."

Eftimia mọ ohun tí ìwé òfin wí, síbẹ̀ ó gbà fún un. Ó yọ ìwé kan, ó kọ ọ́ pé okùn ààbò ló já, pé Silvestru Hrișcă kò pa ara rẹ̀. Kò kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fún Macovei pé kó sáré gbé e fún àlùfáà, ó sì mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe yìí máa dun òun ju gbogbo rẹ̀ lọ.

*

Fadá Nectarie mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó kọrin láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, láti ṣọ́ọ̀ṣì dé inú ọgbà, ohùn rẹ̀ ha lóòótọ́. Gbogbo abúlé tẹ̀ lé e. Bàbá Dorimedont gan-an wá, ó fi aṣọ ìnujú di ẹnu.

Nígbà tí wọ́n sọ pósí kalẹ̀ tán, Màmá Saveta mú ọwọ́ Leontin, ó gbé e sókè lójú gbogbo èèyàn.

"Ẹ gbọ́ o. Ọmọ mi kan ti lọ, ṣùgbọ́n ó lọ bí ọmọ Ọlọ́run. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yìí ò sùn, kò wo, ó dúró tì mí. Leontin, ọmọ mi, Ọlọ́run á dúró tì ọ́. Àwọn ọmọ ẹ á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ."

Leontin fẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Eftimia ti ẹ̀gbẹ́ ọgbà rí i, ó ń bẹ̀bẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé kó má sọ ọ́ níbẹ̀, ó tún ń bẹ̀bẹ̀ pé kó sọ ọ́.

"Màmá, ẹ má súre fún mi," Leontin ní. "Okùn tó gbó, èmi ni mo fún un. Èmi náà ni mo parọ́ pé ó pa ara ẹ̀."

Ìyá náà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tó sọ. Ó ṣe díẹ̀, ó ju ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó fẹ́ bo ilẹ̀ ti gbé ṣọ́bìrì, Màmá Saveta na ọwọ́, ó gba ọ̀kan lọ́wọ́ wọn, ó gbé e fún Leontin.

"Bò ó," ó ní. "Ìwọ nìkan. Kí ẹnikẹ́ni má ràn án lọ́wọ́."

Leontin bo àbúrò rẹ̀. Ilẹ̀ náà pọ̀, amọ̀ ni, ó wúwo. Nígbà méjì ló kúnlẹ̀, nígbà méjèèjì ló tún dìde. Ẹnikẹ́ni ò kúrò. Ìyá wọn dúró lójú kan láìsunkún, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi tẹ́ ilẹ̀ náà tán, tó gbé àgbélébùú nàró.

Lẹ́yìn náà ni Eftimia tẹ̀ síwájú. Ó ti múra sílẹ̀ fún èébú, ó múra sílẹ̀ fún ègún.

"Ṣé ẹ ti mọ̀ nígbà tẹ́ ẹ kọ ìwé yẹn?" Màmá Saveta bi í.

"Mo ti mọ̀, Màmá. Ẹ forí jì mí."

Ìyá náà ò sọ pé òun forí jì í, kò sì sọ pé òun ò forí jì í. Ó wo Leontin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Macovei, tí amọ̀ kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì fà sún mọ́ Eftimia kí àwọn èèyàn má baà gbọ́.

"Ẹ máa mú un lọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ fún un ní nǹkan gbígbóná. Kò tíì jẹun láti Ọjọ́bọ̀."